Owó Ìgbà Ooru Ni Mo Fi Gba Ilé Gbogbo Ọdún

Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lọ. Ìyá mi ti ń rín in láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì tán lẹ́nu wọn. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín ni pé èmi Shihata, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí orí mi pé, tí mo mọ̀wé kà, kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fi wọn ilé tí mo gbà. N kò fi owó mi wọ̀n ọ́n rárá.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní ìlú Tanta, nílẹ̀ Íjíbítì. Tí oṣù keje àti ìkẹjọ bá dé, tí ooru ń mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ìlú, èmi ni ọba. Láti àárọ̀ ni fóònù mi á ti máa dún. "Ọ̀gá Shihata, ẹ dákun, ẹran wa ti fẹ́ bàjẹ́!" "Ọ̀gá Shihata, ẹ dúró síbẹ̀, a ó wá fi mọ́tò gbé yín!" Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kìíní, tí òtútù dé, tí àwọn èèyàn ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí balikóní, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ mi mọ́.

Nínú oṣù kẹjọ bẹ́ẹ̀ ni mo pàdé Safinaz. Ilé ìtajà oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí ló bàjẹ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Safinaz ní, "Ọ̀gá, fíríìjì yìí ò ṣe nǹkan kan mọ́. Ìwọ ni nǹkan ń ṣe. Bàbá mi máa ń wà nílé lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, èmi àti ìyá mi wọ aṣọ tó dáa, a ra páálí háláwà aládùn kan, a kọjú sí ilé wọn.

Lójú ọ̀nà, ìyá mi ní, "Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa ilé, sọ òótọ́. Yàrá kan àti pálọ̀ ni agbára rẹ mọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Mo ní, "Ìyá mi, mo ti gbọ́." Mo sì ti gbọ́ lóòótọ́.

Bàbá Safinaz, Alhaji Mitwalli, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Safinaz ló ń sọ ọ̀rọ̀ tara wọn àti ti ọkọ wọn. Wọn ò béèrè iṣẹ́ mi. Wọn ò béèrè ìdílé mi. Ohun tí Ìyá Safinaz kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ògiri pálọ̀ rẹ gùn tó mítà mélòó?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, mà?"

"Ògiri! Níìṣì Safinaz gùn ní mítà méjì àti ààbọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni mo ti ń kó ife sí i."

Kò sí ìyàwó tí kì í gbé níìṣì wọlé ọkọ lọ́dọ̀ wa: kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, tí ife àti abọ́ aláràbarà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mu omi títí ayé.

Mo la ẹnu láti sọ pé yàrá kan àti pálọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Safinaz gbé tíì wọlé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Yàrá mẹ́ta ni, mà. Pẹ̀lú pálọ̀ méjì."

Ìyá mi fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì.

"Háyà ni àbí o rà á?"

"Mo rà á ni, mà. Mò ń san án díẹ̀díẹ̀."

Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ méjì ni mo fi tiro.

Ẹ rántí pé níbi tiwa, ọkọ ló ń pèsè ilé, bàbá ìyàwó ló sì ń kó ẹrù kún un. Tíì há Alhaji Mitwalli lọ́fun. Wọ́n wúkọ́ títí ojú wọn fi pọ́n.

"Yàrá... mẹ́ta?"

"Mẹ́ta, sà."

Alhaji wo ìyàwó wọn, ìyàwó wọn náà wò wọ́n. Alhaji bá gbé àyà síwájú. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ni! Màá kó ẹrù kún yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Fíríìjì ńlá, ẹ̀rọ ìfọṣọ, amúlétutù méjì. Kí ni kò ní sí níbẹ̀?"

Mo rí òógùn lórí wọn. Mo rò pé ooru ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fún èmi àti Safinaz ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí balikóní kí a jọ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ṣùgbọ́n à ń rí bàtà wọn.

Safinaz ní, "Shihata, èló ni ò ń gbà lóṣù?"

"Ó pọ̀ díẹ̀."

"'Ó pọ̀ díẹ̀' kì í ṣe iye owó."

"Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún pọ́n-ùn."

Òótọ́ ni. Iye tó wọlé fún mi lóṣù yẹn nìyẹn. Mi ò kàn fi kún un pé oṣù kẹjọ la wà ni.

Ó fi ìka ṣírò. "Kí ilé má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà nìyẹn. Èló lò ń san lórí tìẹ?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà géérégé."

"Ó dáa nígbà náà," ni Safinaz wí, inú rẹ̀ sì dùn. Inú tèmi náà dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní ilé kankan láyé.

Bí a ṣe jáde, ìyá mi dá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. "Ilé wo lo rà? Ibo lo rà á sí? Ojú oorun?"

"Màá wá a kí wọ́n tó wá wò ó."

"Owó ta ni wàá fi wá a?"

"Ìyá mi, ṣé ẹ ò rí bí fíríìjì ṣe ń bàjẹ́ lóṣù yìí ni?"

"Mo rí i. Ìwọ gan-an ló bàjẹ́ jù nínú wọn."

Mo tọ Fikri lọ, alágbàtà ilé kan tí ẹnu rẹ̀ dùn ju háláwà lọ. Ilé kékeré ló kọ́kọ́ mú mi lọ wò, yàrá kan àti pálọ̀, ní àjà kejì, ẹgbẹ̀rún méjì lóṣù. Ilé náà wù mí. Mo fa téèpù yọ. Ògiri tó gùn jù níbẹ̀ ò pé mítà méjì àti ààbọ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí níìṣì bá wọlé, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Mo dúró síbi tí níìṣì máa wà, mo na apá mi méjèèjì, mo ní kí Fikri gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Fikri fà, ó ti, ó bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ méjì já. Kò kọjá.

Ó ní, "Ọ̀gá Shihata, a ò lè máa bára wa jìjàkadì níbí. Jẹ́ n fi ilé èèyàn ńlá hàn ọ́."

Ilé alájà mẹ́wàá ni, àjà kẹsàn-án ni tèmi. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ méjì, ògiri tó gùn ní mítà márùn-ún. Níìṣì méjì á wà níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan á tún wà láàárín wọn.

"Lífítì ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

"Èló?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré."

Mo ní, "Fikri, nígbà òtútù, iṣẹ́ mi—"

"Èwo ni ti òtútù? Ayé ti gbóná! Òtútù gan-an ti ń gbóná! Lọ́dún tá a wà yìí, fíríìjì á máa bàjẹ́ títí di oṣù kejì, ìwọ wò ó."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Iṣẹ́ mi ni, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún mi? Ṣùgbọ́n irọ́ náà dùn ún gbọ́, mo sì ní kó tún un sọ.

Alhaja Dawlat ló ni ilé náà. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, aṣọ dúdú ni wọ́n máa ń wọ̀, orí àga oníke kan lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní, "Òfin kan ṣoṣo ni mo ní. Ìṣó. Ìṣó kan ò gbọdọ̀ wọ ògiri mi. Ọjọ́ tí ó bá wọ̀ ọ́, ìwọ jáde."

Mo ní, "Mo gbọ́, Alhaja." Mo fọwọ́ sí ìwé háyà ọdún kan.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn àna mi wá wo ilé. Alhaja Dawlat wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Safinaz rọra bi mí pé, "Ta ni màmá yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ míì ti dé ẹnu mi. Mo ní, "Aṣọ́lé wa ni, mà."

Ìyá Safinaz ṣí báàgì, wọ́n yọ pọ́n-ùn mẹ́wàá, wọ́n fi í sí Alhaja Dawlat lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ẹ bá wa máa gbá àtẹ̀gùn yìí dáadáa."

Alhaja Dawlat wo owó náà. Wọ́n wo Ìyá Safinaz. Wọ́n wò mí. Mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà. Wọ́n bá ká owó náà ní mẹ́rin, wọ́n tì í sínú aṣọ, wọ́n sì yí ojú sí títì. Ẹni tó ní ilé alájà mẹ́wàá ò kọ pọ́n-ùn mẹ́wàá, ìdí nìyẹn tó fi ní ilé alájà mẹ́wàá.

A gun òkè. Ìyá Safinaz jókòó ní àjà kẹta, wọ́n jókòó ní ìkarùn-ún, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ ní ìkeje. Nígbà tí a débẹ̀, Alhaji Mitwalli ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn sì ń rọ.

"Yàrá míì tún nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó mà tóbi o."

"Ó tóbi, sà."

"Ṣé a ò kúkú lè ti èyí pa?"

Safinaz dúró lójú fèrèsé. Ó ní, "Shihata, ilé yìí pọ̀ jù fún èèyàn méjì."

"A ó bímọ kún un."

"Ṣé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lo fẹ́ kí n bí ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn rọ̀ mí lọ́kàn, ó ku díẹ̀ kí n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ bá pariwo láti pálọ̀ pé ògiri náà gba níìṣì, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Mo pa ẹnu mi dé.

Oṣù kọkànlá wọlé, afẹ́fẹ́ tútù dé, fóònù mi dákẹ́. Tí mo bá ń kọjá lọ́nà, mo ń tẹ́tí sí fíríìjì àwọn ará àdúgbò láti ojú fèrèsé. Gbogbo wọn ń dún dáadáa. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Orí ẹní ni mo ń sùn nínú ilé ńlá yẹn. Tí mo bá sín ní yàrá kan, pálọ̀ méjèèjì á dá mi lóhùn. Ẹ̀wà fúùlù ni mo ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀wà fúùlù lọ́sàn-án, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo ń ronú nípa ẹ̀wà fúùlù. Ìyá mi wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo ìkòkò mi, wọ́n wo ògiri mítà márùn-ún yẹn, wọ́n ní, "O ṣeun. O gba ilé tó gba kọ́bọ́ọ̀dù, kò wá gba oúnjẹ mọ́."

Lóṣù kìíní, gbogbo ohun tó wọlé fún mi ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Ilé sì ń retí mẹ́fà. Mo ta alùpùpù mi.

Safinaz ní, "Alùpùpù rẹ dà?"

"Dókítà ní kí n máa rìn."

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ikùn ni."

"Ó mà ti rù o, ikùn náà," ni Safinaz wí, ó sì wò mí pẹ́. Ó ra ṣàwámà méjì fún mi. Mo jẹ méjèèjì níwájú rẹ̀ kó tó mu omi tán.

Inú oṣù kejì, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ni ẹrù ìyàwó dé. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló gbé e, wọ́n ń fọn fèrè, àwọn obìnrin ń ké lílílílí ayọ̀, gbogbo àdúgbò yọjú láti máa ka páálí. Páálí sì pọ̀ lóòótọ́: páálí fíríìjì, páálí ẹ̀rọ ìfọṣọ, páálí amúlétutù méjì, páálí tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Alhaji Mitwalli dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo, "Ẹ rọra o! Ó wúwo! Ẹ pé méjì gbé e!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé páálí fíríìjì. Èjìká kan ló gbé e lé. Sìgá wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi méjì-méjì gun àtẹ̀gùn.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni fíríìjì. Mo ti gbé wọn, wọ́n ti já lé mi lẹ́sẹ̀. Irú èyí tí wọ́n yà sára páálí yẹn, ọkùnrin méjì tó lágbára ní í gbé e, wọ́n á máa sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ṣépè fún ẹni tó rà á. Mo wo Alhaji. Alhaji wò mí. Alhaji ló kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Níìṣì nìkan ni ò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e, ó gbà wọ́n ní wákàtí kan, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀ ní àjà keje.

Nígbà tí gbogbo ẹrù wọlé tán, Alhaji fa ìwé ẹrù yọ lápò. Àṣà wa ni. Gbogbo ohun tí bàbá ìyàwó bá kó wá, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ọkọ á fọwọ́ sí i pé ti ìyàwó ni, ọwọ́ òun ló sì wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá bèèrè ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò bá rí i kó jáde, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

"Fọwọ́ sí i, ọmọ mi," ni Alhaji wí, wọn ò wo ojú mi.

"Alhaji, fíríìjì yìí..."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó fúyẹ́ díẹ̀, sà."

"Ti ìgbàlódé ni."

"Ti ìgbàlódé náà máa ń ní ẹ́ńjìnnì, sà."

Alhaji sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Shihata, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Fọwọ́ sí ìwé yìí."

Ẹ rí i bí ó ṣe há mi mọ́. Tí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti gba fíríìjì tí kò sí, mo sì lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Tí mo bá pariwo, wọ́n á tú ọ̀rọ̀ wò, irọ́ tèmi náà á yọjú, Safinaz á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé báírò lé ìwé.

Gbà! Gbà! Gbà!

Mo yíjú. Ìyá Safinaz ti ní kí káfíńtà tó bá ẹrù wá fi ìṣó kan níìṣì mọ́ ògiri, kó má baà wó lu àlejò. Ìṣó mẹ́ta ti wọlé.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti dé ni Alhaja Dawlat ti ń gun òkè bọ̀ ní tiwọn, tí wọ́n ń yẹ ara ògiri wò bóyá ẹrù ti ha á. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ń kan ìṣó mọ́ ògiri mi?"

Lílílílí tó wà lẹ́nu àwọn obìnrin dá dúró lójijì.

Ìyá Safinaz fọwọ́ tù wọ́n nínú. "Háà, màmá aṣọ́lé, ẹ má bínú. Ariwo á tán láìpẹ́. Ẹ gba ogún pọ́n-ùn."

"Ta ni aṣọ́lé? Èmi Dawlat? Ọkọ mi ló kọ́ ilé yìí látìsàlẹ̀ dókè! Háyà ni ọmọ yìí gbà lọ́wọ́ mi, mo sì kìlọ̀ ìṣó fún un!"

Wọ́n gba ogún pọ́n-ùn náà ṣáá.

"Háyà?" ni Ìyá Safinaz wí. "Shihata, háyà? Mo gun àjà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì nítorí háyà?"

Alhaji Mitwalli rí ọ̀nà àbáyọ níbẹ̀. Wọ́n na ìka sí mi. "Òpùrọ́! Ẹ wo ẹni tí mo kó gbogbo dúkìá mi wá fún!"

"Ẹ sọ fún un, Bàbá Safinaz!" ni ìyàwó wọn gbè é. "Ẹ wo fíríìjì tí ọkọ mi fi owó ìfẹ̀yìntì rà!" Wọ́n fi gbogbo ara gbá páálí fíríìjì náà létí.

Páálí náà fò. Ó yọ̀ kọjá lórí ilẹ̀ títí ó fi lu ògiri kejì, ó dojú dé, ó ya. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tú jáde, ìrọ̀rí méjì tẹ̀lé e.

"Ìrọ̀rí mi!" ni Ìyá Safinaz ké. "Ìrọ̀rí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ Àìkú!"

Àjà mẹ́sàn-án ti rẹ Alhaja Dawlat. Wọ́n ní kí àwọn rọra jókòó sórí páálí ẹ̀rọ ìfọṣọ wo ìran. Páálí náà gbé wọn mì. Ẹsẹ̀ wọn nìkan la rí, ọkùnrin mẹ́ta nínú àwọn tó gbé níìṣì ló fà wọ́n jáde.

Alhaji Mitwalli jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yàrá mẹ́ta ló sọ," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti tẹ́. "Kí ni kí n ṣe? Owó mi tó yàrá kan, kí n kó nǹkan tó dáa sí i. Níìṣì ló gbà á tán. Mo ní tó bá yá, màá máa rọra ra ohun inú páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Yàrá kan náà ni agbára mi, sà. Níìṣì ló jẹ́ kí n purọ́."

Safinaz ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì láti ìgbà ìṣó àkọ́kọ́. Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún.

Ó ní, "Shihata, èló ni ò ń gbà lóṣù kìíní?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin."

"Mo bi ọ́ lórí balikóní."

"O bi mí."

"Bàbá, mo bi ẹ̀yin náà bóyá agbára yín gbé e. Ẹ ní kí n lọ se tíì."

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwé ìròyìn tó tú jáde.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń wọn ilé tí èmi fẹ́ gbé. Ta ló bi mí pé èló lèmi ń gbà?"

Káfíńtà pàápàá wo ilẹ̀.

"Ọdún méje ni mo ti wà nílé oògùn. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, lóṣù kìíní, lóṣù kẹjọ, kì í yẹ̀. Ẹ ò bi mí rí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ń dùn mí di báyìí. Mo mọ bí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ ṣe gùn tó, mi ò ní fi ìka kan ṣì í. Mi ò mọ owó oṣù ọmọbìnrin tí mo fẹ́ bá gbé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n béèrè.

Safinaz bọ́ òrùka tí mo fi sí i lọ́wọ́ nígbà tí a ṣe àdéhùn ìgbéyàwó, ó dá a padà fún mi. "Lọ wá ilé tí oṣù kìíní tìẹ àti tèmi lè san. Tó o bá rí i, wá bi mí bóyá mo ṣì ń fẹ́ ọ. Mi ò ṣèlérí." Ó gba àárín páálí kọjá, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní òpin oṣù, Alhaja Dawlat fi ìṣó mẹ́ta yẹn lé mi jáde, mo sì fi ayọ̀ jáde. Níìṣì padà sí ilé Alhaji Mitwalli, ó gba gbogbo pálọ̀ wọn; ẹ̀gbẹ́ ni Alhaji fi ń wọlé báyìí. Tí ẹ bá ń wá ilé, ẹ̀yin tí owó yín ń wọlé nígbà kan tí kì í wọlé nígbà mìíràn, oṣù tó burú jù ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ má jẹ́ kí alágbàtà ilé kankan fi oṣù tó dáa tàn yín.

Oṣù karùn-ún ni mo tó rí ojú lọ sí ilé oògùn. Mo kọ owó tó wọlé fún mi lóṣù méjìlá sínú ìwé kan, mo gbé e síwájú Safinaz. Ó kà á látòkè délẹ̀.

"Oṣù kìíní yìí ò dáa rárá."

"Kò dáa."

"Ilé náà dà?"

Mo mú un lọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, àjà kìíní, balikóní kékeré kan tí èèyàn méjì lè dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lóṣù. Safinaz ṣí ẹ̀rọ omi, ó tì í. Ó béèrè ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Ó fi ìka ṣírò tirẹ̀ mọ́ tèmi, ó pín in sí mẹ́ta, ó tún un ṣírò, ó mi orí.

Onílé jókòó, ó ṣí ìwé háyà, ó gbé báírò. "Orúkọ ta ni kí n kọ?"

Èmi ni Safinaz ń wò.

Mo ní, "Ti àwa méjèèjì, sà, tí Safinaz bá gbà. Kí tirẹ̀ ṣáájú. Owó tèmi máa ń sùn nígbà òtútù."

Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kó tó kọ orúkọ Safinaz tán, Safinaz na ìka tí òrùka mi wà tẹ́lẹ̀ sí mi, ó ní kí n ṣe kíá, òun ní láti padà síbi iṣẹ́.